Màdáámù Kírísítálì ti Òmù-Àrán

Ajé, 13 oṣù Kìn-ín-ní, 2025

Ilé-ìwé wọlé lónìí. Ariwo ti padà sí àdúgbò. Ọgbọ́n kò bá a padà.

Mo lọ ṣe fótókópì lọ́dọ̀ Fulera — aládùúgbò wa, ó ń ta bisikíìtì, ó ń ta bírò, ó ń ta ọ̀rọ̀ tí kò kàn án. Àwọn ọmọ ilé-ìwé ṣù síwájú ìsọ̀ rẹ̀ bí eṣinṣin. Bí wọ́n ṣe rí mi, wọ́n dákẹ́. Ìyẹn kì í ṣe tuntun. Títí mo fi fẹ̀yìntì ni mo fi kọ́ ọmọ ìlú yìí ní Físíìsì. Ìdákẹ́jẹ́ẹ́ ni wọ́n fi ń kí mi. Ṣùgbọ́n ti òní kì í ṣe ti ìbẹ̀rù. Ẹ̀rín ni wọ́n há sẹ́nu.

Mo ní kí Fulera fún mi ní ohun tó ṣẹ̀ṣẹ̀ tì bọ abẹ́ tábìlì. Ó ní, "Màmá, kò sí nǹkan níbẹ̀ o." Mo na ọwọ́. Ó gbé e fún mi.

Ìwé àwòrán. Kọ́míìkì. Níwájú rẹ̀, obìnrin kan dúró lórí àpáta, ó gbé òkúta onígun mẹ́ta tó ń dán sókè, oòrùn sì ń ṣàn wọ inú òkúta náà bí omi tó ń wọ ẹnu ìgò. Wọ́n kọ ọ́ gàdàgbà-gadagba: MÀDÁÁMÙ KÍRÍSÍTÁLÌ, Ọ̀TÁ ÌMỌ́LẸ̀.

Awò ojú tó so mọ́ ṣéènì: tèmi. Báàgì aláwọ̀ ilẹ̀ tó há sábẹ́ apá: tèmi. Èjí eyín: tèmi. Ó na ìka sí gbogbo ìlú, ó ní, "Ọpọlọ yín dà?"

Èmi ni mo ni gbólóhùn yẹn. Ẹnikẹ́ni kò tọrọ rẹ̀ lọ́wọ́ mi.

Ìṣẹ́gun, 14

Mo kà á tán. Mo tún un kà, kí n lè mọ bí ó ṣe burú tó.

Ìtàn náà: obìnrin yìí rí òkúta kan nínú àpáta lẹ́yìn Èsìẹ́. Bí ó bá gbé e sókè, gbogbo ìmọ́lẹ̀ tó wà nítòsí — ti oòrùn, ti fìtílà, ti fóònù — a wọ inú rẹ̀ lọ. Yóò wá máa tú u jáde ní àwọ̀ kọ̀ọ̀kan. Pupa ń jó ni. Búlúù ń sọ ènìyàn di yìnyín. Elésè-àlùkò ń mú ni gbàgbé orúkọ ìyá tó bí ni. Ó ní òun lòun sọ àwọn ère Èsìẹ́ di òkúta, nítorí pé òun bi wọ́n ní ìbéèrè, wọn kò dáhùn. Ibẹ̀ nìkan ló bọ́gbọ́n mu.

Ó fẹ́ jí gbogbo iná Òmù-Àrán. Kó máa bọ̀. Àwọn oníná ti débẹ̀ ṣáájú rẹ̀.

Akọni tó ń bá a jà ń jẹ́ Ọmọ Mànàmáná. Apá bí odó, eyín funfun, orí òfìfo. Bí ó bá fẹ́ ronú, wọ́n á ya ìkùukùu sí orí rẹ̀. Kò sí nǹkan kan nínú ìkùukùu náà.

Èyí tó bí mi nínú jù: òṣùmàrè yí gbogbo iná ká bí adé. Kì í ṣe iná Màdáámù nìkan o. Gílóòbù ilé, iná ọ̀kadà, àbẹ́là lásán — gbogbo wọn ló dé adé aláràbarà. Ta ló kọ́ ayàwòrán yìí ní Físíìsì? Bí ó bá jẹ́ èmi, ó sùn.

Búrọ́ọ̀ṣì da tíì sórí tábìlì láàárọ̀. Ẹ̀gbẹ́ ọwọ́ rẹ̀ gan-an ni ife náà wà. Ọkọ mi ni Búrọ́ọ̀ṣì. Jòhánù ni ìjọ mọ̀ ọ́n sí. Síńbọ́ọ̀dù ló ń kọ láti ìgbà ọ̀dọ́. Fílẹ́ẹ̀sì tí wọ́n ń fi ẹ̀rọ tẹ̀ ti pa iṣẹ́ náà, síbẹ̀ ojoojúmọ́ ló ń lọ sí ṣọ́ọ̀bù. Ó ń lọ sùn. Ó pẹ́ tí mo ti débẹ̀ gbẹ̀yìn. Kí ni mo fẹ́ wò? Ọ̀dà tó gbẹ àti ọkùnrin tó gbẹ.

Ọjọ́bọ̀, 16

Ọmọ kan gbé ìdí ìgò sókè sí mi lójú pópó: "Mà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì mú oòrùn lọ, aṣọ màmá mi ò tíì gbẹ." Mo wò ó. Ó sá.

Ẹtì, 17

Mo ń ro ẹni tó lè ṣe é. Àwọn tó kórìíra mi: gbogbo ìlú. Ìwádìí yìí kò ní rọrùn.

Ṣèyífúnmi pè láti Àbújá. Ó ti gbọ́. Ọmọ tí mo fi ọmú bọ́ ní, "Mọ́mì, ó jọ yín gan-an." Ó ní kí n gbé fóònù fún bàbá òun. Wọ́n pẹ́ lórí rẹ̀. Wọ́n ń rẹ́rìn-ín. Mo wọ yàrá, wọ́n dákẹ́.

Àìkú, 19

Ṣọ́ọ̀ṣì. Àlùfáà ka Ìfihàn: odò omi ìyè, tí ó mọ́ bí kírísítálì. Gbogbo ìjókòó àwọn ọ̀dọ́ mì tìtì. Àlùfáà fúnra rẹ̀ fi Bíbélì bojú — ọkùnrin tó gba òdo lọ́wọ́ mi nínú ìdánwò, tó wá ní Ọlọ́run ló pe òun.

Búrọ́ọ̀ṣì kò rẹ́rìn-ín. Ó gbé ìwé orin sí imú, ó ń kọrin láti inú orí. Ojú ewé tó ṣí kì í ṣe ti orin náà. Mo ṣí i síbi tó yẹ fún un. Ó ní mo ṣeun. Òpè.

Ìṣẹ́gun, 21

Orúkọ ẹni tó tẹ kọ́míìkì wà lẹ́yìn rẹ̀: Tómilọ́lá, Àjàṣẹ́-Ìpo. Mo wọkọ̀ lọ bá a.

Mo mọ orí yẹn. Ẹ̀yìn kíláàsì mi ló ń jókòó, tó ń ya ìyá oníyàá sínú ìwé Físíìsì. Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja láàárín bébà. Ẹ̀kọ́ kan ṣoṣo tó kù lára rẹ̀ nìyẹn.

Mo ní, ṣé ìwọ lo ya ìranù yìí? Ó ní rárá mà, òun kàn ń tẹ̀ ẹ́ ni, òun sì ń kó o kiri ilé-ìwé. Mo ní ta ló yà á. Ó ní àwọn ti jọ ṣe àdéhùn, òun kò lè dárúkọ. Mo ní kó dá a. Ó ní, "Mà, bí ẹ bá fẹ́ nà mí, ẹ nà mí." Kò mì. Mi ò mọ̀ pé ó lè dúró lórí ọ̀rọ̀ tó báyẹn. Nínú ìdánwò, ìdáhùn ẹlòmíràn ló máa ń kọ.

Ó ní kò sẹ́ni tó ka Ọmọ Mànàmáná sí. Màdáámù ni wọ́n ń rà. Ó ní ní Òkè-Onígbìn, àwọn ọmọbìnrin ti ń so gíláàsì mọ́ ọrùn. Mo ní ó hàn pé àwọn olùkọ́ Òkè-Onígbìn kò rí iṣẹ́ ṣe. (Inú mi dùn díẹ̀. Kò kan ẹnikẹ́ni.)

Ó ní ìwé tuntun ń bọ̀ lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Lẹ́yìn rẹ̀, ó ku ẹyọ kan. Nínú ẹyọ náà ni Màdáámù yóò kú.

Mo ti fẹ́ jáde kí n tó yíjú padà. Mo ní kó bá mi sọ fún ayàwòrán rẹ̀ pé iná kì í dé adé òṣùmàrè. Ó ní, "Mo ti sọ fún wọn, mà. Wọ́n ní bí àwọn ṣe ń rí i nìyẹn."

Wọn. A jẹ́ pé àgbàlagbà ni. Àgbàlagbà tó jókòó tó ń ya kọ́míìkì. Ayé ti bàjẹ́.

Ọjọ́rú, 22

"Bí àwọn ṣe ń rí i." Gbogbo ẹni tó bá gba òdo ló ń sọ bẹ́ẹ̀.

Àbámẹ́ta, 25

Búrọ́ọ̀ṣì já sínú gọ́tà. Ọ̀sán gangan. Gọ́tà tó ti wà níwájú ilé wa kí a tó kọ́lé. Àwọn tó ń gbá bọ́ọ̀lù ló fà á jáde. Fulera ń ké "Bàbá o, Bàbá o", kí ẹni tó wà lọ́jà náà lè gbọ́.

Mo ní, "Bàbá Ṣèyí, ṣé ìpàkọ́ lojú yín wà ni?" Ó ń rẹ́rìn-ín, ẹrẹ̀ mù ún dé orókùn. Ó ní gọ́tà ló sún.

Mo fi omi gbígbóná wẹ ẹsẹ̀ rẹ̀. Mo bú u títí omi náà fi tutù.

Ajé, 27

Ìwé tuntun jáde. Fulera gbé e wá sílé fúnra rẹ̀, kò tilẹ̀ tijú mọ́. Ó ní, "Màmá, ẹ ti di gbajúmọ̀."

Ó burú ju ti àkọ́kọ́ lọ. Etí gbogbo àwòrán ló dúdú. Ó da yíńkì yí ojú ewé ká, ó fi ihò róbótó kan sílẹ̀ láàárín, inú ihò yẹn ni gbogbo nǹkan ti ń ṣẹlẹ̀. Bí ẹni tó ń yọjú wo ilé onílé láti ojú ihò kọ́kọ́rọ́. Ìmẹ́lẹ́ ni. Kò lè ya ìlú, ó kùn ún dúdú.

Ìlà rẹ̀ ti nípọn. Àwọn ènìyàn kò lójú mọ́. Ọmọ Mànàmáná, kábíyèsí, àwọn ará ìlú, orí gbogbo wọn rí bí ẹyin. Màdáámù nìkan ló pé. Bí ẹnu rẹ̀ ṣe máa ń kọ́kọ́ ká lápá òsì bí ó bá fẹ́ sọ ọ̀rọ̀ burúkú — ó wà níbẹ̀. Mo lọ wo dígí. Mo sọ ọ̀rọ̀ burúkú kan sí i. Apá òsì ni.

Ta ló ń wò mí tó báyẹn?

Ọjọ́bọ̀, 30

Eruku ọyẹ́ ti ha awò mi. Mo lọ sí ilé ìtọ́jú ojú láti pààrọ̀ rẹ̀. Wọ́n ní kí n jókòó. Mo jókòó. Nígbà tí kò sẹ́ni tó ń sọ ohun tó nítumọ̀ níbẹ̀, mo ń ka ara ògiri.

Àwòrán méjì wà níbẹ̀. Àkọ́kọ́, gílóòbù kan, òṣùmàrè yí i ká bí adé. Èkejì, ojú pópó kan, gbogbo etí rẹ̀ dúdú, ihò róbótó wà láàárín. Wọ́n kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé bí ayé ṣe ń rí lójú ẹni tí àrùn gilakóómà ń bá jà nìyẹn: omi inú ojú há, ó ń tẹ iṣan ojú pa díẹ̀díẹ̀. Èyí tó bá ti lọ kì í padà.

Ife tíì. Ìwé orin. Gọ́tà.

Ẹni tó ń pe orúkọ ń pè mí. Mo ti wà lójú ọ̀nà.

Ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù Búrọ́ọ̀ṣì ṣí sílẹ̀. Ó tẹrí mọ́ tábìlì, imú rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ kan bébà, ó fi ọwọ́ òsì di tọ́ọ̀ṣì mú, ó ń fi ọ̀tún yàwòrán. Èmi ni mo kún ara ògiri. Èmi tó ń bínú. Èmi tó ń fò. Èmi tó ń ti iná bọ ààfin. Mo dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, níbi tó jẹ́ pé bí ó bá na apá yóò kàn mí. Kò rí mi.

Mo ní, "Bàbá Ṣèyí."

Ó dá ọwọ́ dúró. Ó ní, "O ti wá mọ̀."

Ẹtì, 31

Mo bi í léèrè ìdí tí kò fi sọ fún mi pé ojú rẹ̀ ń lọ. Ó ní, "Ẹnu rẹ bà mí lẹ́rù ju òkùnkùn lọ."

Mi ò kọ nǹkan mìíràn lónìí.

Àbámẹ́ta, 1 oṣù Kejì

Ó ní òṣùmàrè ló kọ́kọ́ dé. Ó jáde nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, ó rí i pé gbogbo iná Òmù-Àrán ti dé adé. Ó ní ó dára lójú òun. Ó ní òun dúró lójú pópó òun ń wò ó, òun rò pé Ọlọ́run ń fi nǹkan han òun. Ọkùnrin yìí! Àrùn ń jẹ ojú rẹ̀, ó ń dúpẹ́.

Lẹ́yìn náà ni etí ayé bẹ̀rẹ̀ sí í dúdú. Ó ní bí nǹkan ẹni bá ń sọnù, ó sàn kéèyàn mọ ojú olè. Ni ó bá ya olè kan.

Mo ní, ẹ̀yin sì gbé ojú mi fún un. Ó ń wá ṣíbí rẹ̀. Iwájú rẹ̀ ló wà.

Àìkú, 2

Ó ní òun kò lọ sí ọsibítù kankan. Ìwé ìkẹyìn kù, òun fẹ́ parí rẹ̀ nígbà tí òun ṣì ń rí ọwọ́ òun. Jòhánù tí kò bá mi jiyàn rí. Mo ní ta ni yóò kà á? Ó ní, "Ìwọ. O ka ti àkọ́kọ́ lẹ́ẹ̀mejì." Fulera tó ń yọjú lójú fèrèsé wa ló sọ fún un. Ẹnu Fulera, ẹnu apẹ̀rẹ̀.

Mo ní bí kò bá lọ, n óò dìde nínú ìjọ, n óò sọ ẹni tó ya ìyàwó ara rẹ̀ bí ẹni ibi. Ó ní, "Sọ ọ́. Èmi ni wọ́n máa káàánú."

Òótọ́ ni.

Mo kó gbogbo búrọ́ọ̀ṣì rẹ̀, mo kó yíńkì rẹ̀, mo rọ́ wọn sínú báàgì mi, mo ní Ìlọrin ni báàgì yìí ń lọ lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun. Ẹni tó bá fẹ́ iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀, kó tẹ̀ lé e. Ìwà Màdáámù Kírísítálì gan-an. Kò burú.

Ìṣẹ́gun, 4

Ìlọrin. Ó tẹ̀ lé báàgì.

Mùínàt ni wọ́n ń pe dókítà ojú náà. Ó kéré tó bẹ́ẹ̀ tí ǹ bá ti lé e padà sí kíláàsì. Ó ń fi ìka ya ojú sínú afẹ́fẹ́, ó ń bá mi sọ̀rọ̀ bí ẹni ń bá ìyá àgbà sọ̀rọ̀. Mo ní kó sọ iye tí ìfúnpá inú ojú náà jẹ́. Ó wò mí. Ó sọ ọ́. Ó ti kọjá ààlà.

Ojú òsì ti lọ. Ọ̀tún ku díẹ̀, láàárín gbùngbùn. Iṣẹ́ abẹ lè mú kí díẹ̀ náà dúró. Ìgbà mìíràn, abẹ á mú un lọ.

Búrọ́ọ̀ṣì béèrè ohun tí yóò ṣẹlẹ̀ bí òun kò bá ṣe é. Dókítà ní, "Bàbá, yóò lọ náà ni." Ó mirí. Ó ní kí wọ́n ṣe é. Ó wá ọwọ́ mi lórí àga, àpò dókítà ló kọ́kọ́ bá.

Nígbà tí à ń jáde, ọmọbìnrin náà ní, "Mà, ẹ má bínú, ṣé ẹ̀yin kọ́ lẹ wà nínú kọ́míìkì yẹn? Àbúrò mi kì í gbé e sílẹ̀."

Mo ní èmi ni.

Ọjọ́bọ̀, 13

Wọ́n gbé e wọ yàrá iṣẹ́ abẹ. Ọkùnrin kan tó jókòó síta ní kí n jẹ́ ká fọwọ́ sowọ́ pọ̀ gbàdúrà. Mo ní mo ń ronú. Ó ní kí ni mo ń rò. Mo ní mo ń rò ó pé kó dákẹ́. Ó dákẹ́. Lẹ́yìn ìgbà díẹ̀, mo fún un lọ́wọ́ mi.

Ẹtì, 14

Wọ́n tú báńdéèjì. Dókítà gbé ìka sókè. Búrọ́ọ̀ṣì rí i. Dókítà gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́. Kò rí i mọ́.

Ihò náà ṣì wà. Kò fẹ̀ sí i, kò sì dí. Dókítà ń yọ̀. Ohun díẹ̀ máa ń tó àwọn ọmọ ìwòyí.

Ó tó èmi náà.

Ajé, 17

Ilé. Mo ń kán oògùn sí i lójú láàárọ̀, mo ń kán an nírọ̀lẹ́. Ó ń ṣẹ́jú bí ọmọ ọwọ́. Mo ń bú u. Ó ní ọwọ́ mi fẹ́lẹ́. Mo bú u sí i.

Ọjọ́bọ̀, 20

Mo dá búrọ́ọ̀ṣì padà fún un. Ó gbìyànjú. Ìlà tó fẹ́ lọ tààrà ń wọ́ bí ejò. Ó fà á ya. Ó fa òmíràn ya. Ó wá jókòó lásán. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń sọ pé ó ń jókòó lásán. Mi ò mọ bí ó ṣe rí títí di òní.

Ìṣẹ́gun, 25

Tómilọ́lá wá. Ó tún dọ̀bálẹ̀. Ó bá Búrọ́ọ̀ṣì kẹ́dùn dáadáa, mo gbà fún un. Ó wá yọ bébà jáde. Ó ní àwọn ilé-ìwé ń béèrè ìparí ìtàn, òun sì rí ọmọbìnrin kan ní Ìlọrin, Inúmidùn, tó ń fi kọ̀ǹpútà yàwòrán. Ó ti bá wọn ya ikú Màdáámù.

Mo gbà á. Iṣẹ́ tó mọ́. Ọmọ Mànàmáná fi ẹ̀ṣẹ́ fọ́ òkúta kírísítálì, ìmọ́lẹ̀ tú jáde, Màdáámù ń já bọ́ láti orí àpáta, ẹnu rẹ̀ là. Kò sí òṣùmàrè níbi tí kò yẹ. Kò sí àṣìṣe Físíìsì kan. Obìnrin náà jọ mí délẹ̀délẹ̀. Ó sì ti kú kó tó já bọ́.

Búrọ́ọ̀ṣì gbé e súnmọ́ ojú ọ̀tún. Ó wò ó díẹ̀díẹ̀, bí ẹni ń wá ẹyọ abẹ́rẹ́ nínú ilé. Ó dá a padà. Ó ní, "Ó mọ iṣẹ́. Kò mọ obìnrin náà."

Tómilọ́lá ní, "Ṣùgbọ́n, sà, ẹni ibi gbọ́dọ̀ kú kí ìtàn tó parí."

Ìgbà náà ni mo bi í, níwájú àlejò, ohun tí mo ti gbé mì láti ọjọ́ yìí wá. Mo ní, "Bàbá Ṣèyí, olorì wà nínú ìtàn yẹn. Kí ló dé tó jẹ́ ẹni ibi lẹ fi mí ṣe?"

Ó ní, "Olorì kàn ń jókòó ni. Akọni kì í dé títí ilẹ̀ fi fẹ́ ṣú. Ẹni ibi ló wà ní gbogbo ojú ewé." Ó nu ojú ọ̀tún. "Mo rí i pé ojú mi ń lọ. Ojú àwọn yòókù ti ń yọ́ mọ́ mi lọ́wọ́. Tìrẹ kò yọ́. Mo fẹ́ yà ọ́ títí yóò fi tán."

Tómilọ́lá ń wo ilẹ̀. Ó yẹ kó máa wo ilẹ̀.

Mo ká àwòrán ọmọbìnrin Ìlọrin, mo fi lé e lọ́wọ́. Mo ní kò sí ẹni tó máa pa Màdáámù Kírísítálì. Kó sọ fún wọn pé Ọmọ Mànàmáná ló kú. Kò sẹ́ni tó máa béèrè rẹ̀. Ó ní, "Mà, ta ló wá máa yà á?" Mo fi ilẹ̀kùn hàn án.

Búrọ́ọ̀ṣì ní òun kò lè fa ìlà tó tọ́ mọ́. Mo ní ìgbà wo lẹ fa ìlà tó tọ́ rí. Mo tẹ́ bébà síwájú rẹ̀, èyí tó fẹ̀ jù. Mo gbé àga, mo jókòó kọjú sí i.

Ó ní kí n bọ́ sí ọ̀tún díẹ̀. Mo bọ́ sí ọ̀tún. Ó ní kí n súnmọ́ ọn. Mo súnmọ́ ọn. Ó ní ó kù díẹ̀. Mo wọ́ àga títí orókùn wa fi kan ara wọn.

Ó ní, "Ó tó. Gbogbo rẹ ti wọlé."